Ẹnà Tí Ìyá Wa Ti Ń Gbọ́

Sátidé, aago mẹ́fà ku díẹ̀, mo ti wà ní gáréèjì Ọ̀fà,
àpò ìwé lórí itan, búrẹ́dì nínú ọ̀rá,
nínú ọkọ̀ tó ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó kù.
Awakọ̀ ní, "Àǹtí, kí lẹ̀ ń lọ kọ́ ní Ìlọrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"
Mo ní ààbò ìsọfúnni.
"Ṣé iṣẹ́ ọlọ́dẹ nìyẹn?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò kúkú jìnnà sí i.

Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ èdè Yorùbá,
tí mo mọ bí fáwẹ́lì ṣe ń pajẹ,
kí ló gbé mi dé ìdí kọ̀ǹpútà?
Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Ṣé òwe lo fẹ́ máa pa fún ẹ̀rọ ni?"

Bàbá mi ni.
Akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì,
tó ń mú kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ wọ balùwẹ̀.
Ohùn kan pè é lọ́jọ́ Rú, ó kí i kú ọ̀sán,
ó bèèrè eékún rẹ̀,
ó wá fi oríkì lé e: ọmọ Ọlọ́fà mojò.
Ta ni yóò fura sí ẹni tó mọ èèyàn í kí tó báyìí?
Nọ́ńbà mẹ́fà wọlé sórí fóònù.
Mo wà ní kíṣìnì, mò ń bẹ iṣu,
mo gbọ́ bó ṣe ń kà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ ojú irin tó ń wọ ìlú:
èjì, ẹ̀sán, òdo, èje, èje, ẹ̀rin.
Mi ò dá ọ̀bẹ dúró.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà,
ṣùgbọ́n ẹni tó dá bàbá mi kò fọwọ́ kàn án.
Owó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ti lọ kí iṣu tó jinná.

Ní kíláàsì wa, ní Tanke lọ́hùn-ún, a pé méjìlá:
Ndagi ọmọ Pàtígì, onímọ̀ ìṣirò,
Wòsílátù, sájẹ́ńtì ọlọ́pàá, tí í jókòó kọjú sí ilẹ̀kùn,
lọ́yà kan tí kì í dákẹ́, nọ́ọ̀sì kan láti Òmù-Àrán
tó ní òun ti rí fáìlì aláìsàn tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà.
Lóṣù àkọ́kọ́, ẹnì kan ò gbọ́ èdè ẹnì kejì.
Ndagi á sọ̀rọ̀, èmi á máa wo fèrèsé.
Èmi á sọ̀rọ̀, Ndagi á máa wo aago.

Àfi ọjọ́ tí Dókítà Kátíbì bèèrè
ìdí tí ọgbọ́n tí a fi ń di ọ̀rọ̀ kò fi lè jẹ́ àṣírí.
Mo rántí èmi àti Múìnátù lábẹ́ igi gúáfà:
*Mogo figi ẹgẹjaga pagamọ́gọ́.*
Ìyá wa jókòó tì wá, ó ń ṣa ẹ̀wà.
Ọdún méjì gbáko la fi rò pé kò gbọ́.
Lọ́jọ́ kan, láìgbójú sókè, ó ní,
*"Nígíbogo?"*

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ndagi nìkan ni kò rín.
Ó dìde, ó kọ ẹnà wa sára pátákó,
ẹnà ọmọdé, ó fi lẹ́tà àti àmì ìròpọ̀ tò ó.
Ó ní, "Kí gbogbo ayé mọ bí wọ́n ṣe ń rọ àgádágodo.
Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni tìẹ."
Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìṣirò
bí ẹni gbọ́ ìkíni nílẹ̀ àjèjì.

Orí ìkíni gan-an ni mò ń kọ ìwé àṣekágbá mi lé:
bí "ẹ kú iṣẹ́" ṣe ń ṣílẹ̀kùn tí irin ò lè ṣí.
Mi ò tíì mọ ohun tí màá fi parí rẹ̀.
Ṣé ká máa kọ́ àwọn àgbà pé kí wọ́n má jẹ́ ẹ kí?

Nírọ̀lẹ́, láti ojú ọ̀nà, mo pe ilé.
"Ta nìyẹn?"
"Èmi ni, Bàbá."
"Èmi wo? Níbo lẹ fi ẹja sí?"
Mo dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ra búrẹ́dì bọ̀.
Ìdáhùn náà, mi ò ní í kọ ọ́ síbí.